Ilé Ńlá Tí Ọkọ Mi Mú Mi Lọ Wò Ní Odigbo

Ní àwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì gba ìgboro Èkó kan, tí àwọn akọ̀wé kéékèèké náà ń ra mọ́tò, ọkọ mi ra Vọ́sìwágìn aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń lọ sókè òkun. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan ní Àpápá, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yàrá méjì là ń gbé. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ju àwa méjèèjì lọ, ọdún kẹsàn-án ìgbéyàwó wa sì nìyẹn.

N kò fẹ́ kọ púpọ̀ nípa ọsibítù, àgbo, àti ààwẹ̀ àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá ti wá ọmọ rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò wá a rí, àlàyé mi kò lè yé e tán. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ ni pé nígbà tí à ń wí yìí, ọkọ mi kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́, á ní mo ṣeun, á kọjú sí rédíò.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí nígbà tó sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé yín, èmi náà á gba lííbù. A ó gbé mọ́tò, a ó lọ gbafẹ́."

"Ibo la ó lọ?"

"A ó lọ wo àwọn ilé ńláńlá àtijọ́. Ọ̀gá mi òyìnbó máa ń ṣe é. Á wa mọ́tò ara rẹ̀ kiri, á ya fọ́tò ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ayé àtijọ́, á wo ààfin, á wo ère. A ó gba Ìjẹ̀bú-Òde dé Ọ̀rẹ̀, a ó yà sí Odigbo níbi tí àwọn olówó kòkó kọ́lé sí, ká tó kọjá sí Bìní."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti èmi nìkan?"

"Àwa méjèèjì nìkan."

Mo rán búbà tuntun. Mo ra bàtà. Mo sọ fún gbogbo tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi pé ọkọ mi ń gbé mi lọ gbafẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni ìyàwó òyìnbó dúdú. Bí mo bá rántí ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn, ojú máa ń tì mí títí dòní.

Ìjẹ̀bú-Òde la kọ́kọ́ dúró sí. Ó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ kìnnìún méjì sí iwájú rẹ̀, ó ní kí n dúró láàárín wọn, ó ya mí ní fọ́tò. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a padà wọ mọ́tò, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi sílẹ̀. Ọ̀nà tuntun náà ń dán, igbó sì dúdú lọ́tùn-ún lósì. Mo ń wo apá ọkọ mi lórí ìdarí mọ́tò, mo sì ń sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run ti dá a padà fún mi.

Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a dé Ọ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ agbégẹdú tò sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀, àwọn olóúnjẹ ń pe èrò, àwọn ọmọ gáréèjì ń lọgun Bìní, wọ́n ń lọgun Èkó. A jẹ iyán àti ẹran ìgbẹ́, a sì gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ló júwe ilé kan fún wa ní Odigbo, ó ní kò sí ilé tó tóbi tó o nígbà tí wọ́n kọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a lọ síbẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni lóòótọ́, ó gùn, fèrèsé rẹ̀ rí bí òṣùmàrè lókè, àwọn òpó kúkúrú kúkúrú sì yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ká. Ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, koríko ti hù nínú gọ́tà òrùlé, apá kan páànù sì ti lọ. Wọ́n sá kòkó sí iwájú ilé. Obìnrin arúgbó kan jókòó tì í pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó ń lé ewúrẹ́.

A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a kí i. Ó fi èdè Ìkálẹ̀ dá wa lóhùn. Nígbà tó rí i pé a kò gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá tí a gbọ́.

Ọkọ mi ní, "Ìyá, ilé yìí la wá wò."

"Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Rárá o, Ìyá. A kàn fẹ́ wò ó ni."

Ó wo ọkọ mi, ó wo kámẹ́rà ọrùn rẹ̀. "Ẹ wọlé ẹ wò ó, kó tó wó."

Ó mú wa gòkè. Nínú pálọ̀, ikán ti jẹ àga fẹ́lífẹ́ẹ̀tì dé egungun. Fọ́tò olówó ilé ṣì wà lára ògiri, pẹ̀lú agbádá àti ọ̀pá àṣẹ. Ìyá náà ní òun ni ìyàwó rẹ̀ tó kù láyé. Lẹ́yìn pálọ̀ ni ọ̀nà tóóró kan wà tó lọ jìnnà, yàrá sì dojú kọ yàrá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Yàrá àwọn ìyàwó nìyẹn. Bí a ti ń lọ ló ń fi igi ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Ìyálé ló ni èyí. Èyí, ará Òǹdó ni, aṣọ ló ń tà. Èyí, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ló bá lọ."

Ọkọ mi dúró sẹ́yìn, ó ń ya fọ́tò fèrèsé. Yàrá tó kẹ́yìn kéré ju àwọn tó kù lọ, ó wà lókè ilé ìdáná, èéfín sì ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú. Ẹní wà nílẹ̀ níbẹ̀, ìkòkò omi wà, Bíbélì wà.

"Ta ló ni èyí, Ìyá?"

"Èmi ni. N kò bímọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. "Àwọn tó bímọ, àwọn ọmọ wọn ti wá kó wọn lọ sí Èkó, wọ́n kó wọn lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n máa bá wọn ṣọ́ ilé. Àwọn tó ń dáko kòkó níbí ló ń fún mi lóúnjẹ, àjòjì ni gbogbo wọn." Ó wá sún mọ́ mi. "Ìwọ, ọmọ mélòó lo ti bí?"

"Ẹ gbàdúrà fún mi, Ìyá. N kò tíì bí."

Ó bojú wẹ̀yìn sí ibi tí ọkọ mi wà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó ti mú ẹlòmíràn wá?"

"Rárá o. Ọkọ mi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì ṣíwájú mi sọ̀ kalẹ̀.

A kò tíì padà dé Ọ̀rẹ̀ tí ọkọ mi fi yà sí abẹ́ igi kan, tó pa mọ́tò. Ó di ìdarí mú bí ẹni pé a ṣì ń lọ.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ," ló wí. "Obìnrin kan wà ní Mushin. Ó ti bímọ fún mi. Ọkùnrin ni."

N kò gbọ́ ọ tán. Mo ní, "Ẹ ní kí ni?"

"Ọmọ náà ti ń rìn. Àwọn ẹbí mi ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n kó wọn wálé."

Ọmọ tó ti ń rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wò, mo ń wá ìgbà tí obìnrin náà lóyún, ìgbà tó bí i, ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, èmi ń gbààwẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi gbé mi wá síbí kí ẹ tó sọ ọ́?"

"Mo rò pé bí o bá gbafẹ́ díẹ̀, tí o sì rí bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń gbé pọ̀ nínú ilé kan, ọkàn rẹ á gbà á."

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, n kò pe ọkọ mi ní ìwọ rí. Ọjọ́ yẹn ni mo pè é bẹ́ẹ̀. "Ṣé o rí yàrá òkè ilé ìdáná yẹn? Ṣé o ya fọ́tò rẹ̀?"

Ó tan mọ́tò.

Ní Ọ̀rẹ̀, bó ti dúró láti ra epo ni mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo gba inú gáréèjì lọ. Ọmọ gáréèjì kan gba báàgì lọ́wọ́ mi. "Mádáàmù, Lagos àbí Benin?" N kò mọ èyí tí mo lè sọ. Bàbá àti ìyá mi ti kú. Ilé tó wà ní Èkó, ilé rẹ̀ ni. Àbúrò mi kan ṣoṣo ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́rin. Ọmọ gáréèjì náà tún béèrè, mo gba báàgì mi padà, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì olóúnjẹ kan. Obìnrin náà bi mí bóyá ẹ̀bà ni mo fẹ́ àbí ìrẹsì. Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀. Ó bu omi fún mi, kò sì béèrè nǹkan mìíràn.

Nígbà tí ọkọ mi rí mi níbẹ̀, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Mo dìde fúnra mi, mo lọ wọ mọ́tò, nítorí kò sí mọ́tò mìíràn tó ń lọ síbi tí mo lè sọ pé tèmi ni.

A dé Bìní. Ó ní òun ti san owó hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sílẹ̀, kò yẹ ká fi ṣòfò. Ó mú mi lọ síwájú ààfin, ó mú mi lọ wo àwọn ère idẹ nínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹni tó ń ṣàlàyé sì ń ṣàlàyé. Mo ń mi orí. N kò lè sọ ohun kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀.

Kí ìsinmi tó parí, obìnrin Mushin náà ti kó dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo ní láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ó bí méjì sí i. Ọkọ mi háyà ilé tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó ṣì ń bẹ nígboro nígbà náà. Èmi ń jí, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀. Mo ṣíwọ́ àgbo, mo ṣíwọ́ ààwẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà fún àwọn àgàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í dìde mọ́.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà tó ilé ìwé, kíláàsì mi ni wọ́n mú un sí. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi kọ a, b, d. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè mí ló ń pè mí. Bí a bá délé, á tún wá sẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, "Tíṣà, oúnjẹ ti délẹ̀." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní orúkọ mìíràn tó lè pè mí, èmi náà kò sì kọ́ ọ. Bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń jẹ́ ẹ.