Mo-ti-mọ̀ Ra Pírìńtà

Orúkọ tí ìyá ọkùnrin náà sọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ń pè é. Mo-ti-mọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì tọ́ sí i. Ẹ sọ fún un pé òjò ń bọ̀, á ní òun ti mọ̀. Ẹ sọ fún un pé táyà ọkọ̀ rẹ̀ ti jò, á ní òun ti mọ̀, á sì máa wa ọkọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀, kó má baà dà bíi pé ẹnu yín ló ti gbọ́ ọ. Ọdún gbọọrọ ló fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé kan ní iléeṣẹ́ omi, tó ń ṣàlàyé fún àwọn tí omi ò dé ilé wọn pé ẹ̀bi wọn ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà ra kọ̀ǹpútà tó lè ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ láìgba owó oṣù, wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n fún un ní owó ìfẹ̀yìntì àti aago ara ògiri, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Yàrá tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ló ti ń rán aṣọ iléèwé àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti tẹ̀ lé iṣẹ́ wọn lọ sí ìlú míì, nítorí náà ìyá wọn nìkan ló kù nílé tí Mo-ti-mọ̀ lè máa gbà nímọ̀ràn. Ó kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó bọ́ sórí bí wọ́n ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú. Nígbà tó dórí bó ṣe yẹ kí aránṣọ máa mí, obìnrin náà gbé iṣẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe. Ohunkóhun. Bó bá jẹ́ òkúta lẹ fẹ́ máa kà, màá bá yín kó wọn jọ."

"Mo ti mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Mo ti ríṣẹ́."

Inú fóònù ló ti rí iṣẹ́ náà. Ọkùnrin kan nínú fídíò tẹ àwòrán òdòdó sórí ìwé, ó wé ìwé náà mọ́ ife funfun lára, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ gbígbóná. Nígbà tó máa yọ ọ́, òdòdó ti kúrò lára ìwé, ó ti wọ ara ife lọ, kò ṣeé họ, kò ṣeé fọ̀ dànù. Orúkọ gígùn kan ni wọ́n ń pe pírìńtà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, Mo-ti-mọ̀ sì fẹ́ràn orúkọ náà ju iṣẹ́ náà lọ: sọblimésọ̀n. Ó pè é fún bábà tó ń gé irun rẹ̀. Ó pè é fún alápatà. Ó pè é fún dókítà eyín nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, dókítà sì sáré yọwọ́, ó rò pé ìrora ló ń mú un ké.

Ṣùgbọ́n kò wo fídíò kan dópin rí. Tó bá ti dé ìdajì, á pa á, á ní òun ti mọ èyí tó kù.

Ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ yà sí, obìnrin kan tó gbé awò ojú lé ṣóńṣó imú ló ni ín. Ife oríṣiríṣi kún ara ògiri.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́?"

"Pírìńtà sọblimésọ̀n."

"Ó dáa. Kí lẹ fẹ́ máa fi tẹ̀? Ife ni àbí aṣọ? Bó bá jẹ́ aṣọ, irú aṣọ wo? Ṣé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tí á máa wọlé lójoojúmọ́, àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Ṣẹ̀ṣẹ̀" yẹn gún Mo-ti-mọ̀ dé eegun.

"Màdáámù, ṣé ẹ̀rọ ni mo wá rà, àbí ìdánwò ni mo wá ṣe?"

Obìnrin náà ò bínú. Ó gbé ọwọ́ lé pírìńtà kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí bàtà lọ. "Èyí ló dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó ń tẹ̀ tó ife, ó tó àyà ẹ̀wù. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i, ẹ ó wá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tí ò bá ríṣẹ́ ṣe, ńṣe ni íǹkì máa gbẹ sí i nímú."

Mo-ti-mọ̀ wo pírìńtà kékeré náà bí ọkọ ìyàwó tí wọ́n mú àbúrò jáde fún dípò ẹ̀gbọ́n tó wá fẹ́. Kò dágbére tó fi jáde.

Ṣọ́ọ̀bù kejì ní ilẹ̀kùn onígíláàsì, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ta táì mọ́rùn sì jáde wá pàdé rẹ̀.

"Ẹ̀yin ò jọ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rárá, sà. Bí ẹ ṣe rìn wọlé ni mo ti mọ̀."

Báwo ni ẹni tó gbọ́n nípa pírìńtà ṣe máa ń rìn wọlé? Mo-ti-mọ̀ ò béèrè. Orí rẹ̀ ti wú, ó ti fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Onítáì mú un lọ sídìí ẹ̀rọ kan tó gùn bíi bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya, ó ń dán, iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

"Ó lè tẹ odindi aṣọ ìbùsùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sà."

"Mo ti mọ̀."

"Ó máa ń mu íǹkì díẹ̀ o."

"Mo ti mọ̀."

"Kò sì fẹ́ máa jókòó lásán, sà."

"Mo ní mo ti mọ̀!"

Onítáì wúkọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, ó lọ mú bírò wá. Owó tí iléeṣẹ́ omi fi rán Mo-ti-mọ̀ lọ sílé wọ inú ẹ̀rọ náà bí omi ṣe ń wọ iyanrìn. Ọ̀rọ̀ ìyìn tí ò ná onítáì ní kọ́bọ̀ ló fi rà á, kì í ṣe làákàyè.

Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ẹ̀rọ ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn alágbàrù dá a dúró, wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, Mo-ti-mọ̀ ń pàṣẹ bí ọ̀gágun. Nígbẹ̀yìn, wọ́n yọ fèrèsé pálọ̀ tòun ti férémù, ibẹ̀ ni wọ́n gbé e gbà. Tábìlì oúnjẹ bá ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ìbejì jáde pẹ̀lú téèpù ní ọrùn, ó wọn ẹ̀rọ náà, ó wọn èyí tó kù nínú pálọ̀. Èyí tó kù ò gba àga.

"Níbo ni àlejò máa jókòó sí?"

"Oníbàárà kì í ṣe àlejò. Ìdúró ni wọ́n fi ń bá ọlọ́jà ńlá sọ̀rọ̀."

Owó tó ṣẹ́ kù ló fi ra ẹ̀rọ gbígbóná tí wọ́n fi ń lọ àwòrán láti ara ìwé mọ́ aṣọ. Owó náà ò tó nǹkan, ẹ̀rọ náà ò sì ju atẹ kékeré kan lọ. Ẹ̀rọ kan ń tẹ aṣọ ìbùsùn, èkejì ò lè lọ ju ìrọ̀rí lọ. Ó dà bí ẹni tó ra erin tó wá lọ yá okùn ewúrẹ́ láti fi so ó mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ dé. Dókítà eyín yẹn ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré láàárọ̀. Wọ́n fẹ́ sá eré ọlọ́dọọdún wọn, wọ́n sì fẹ́ ẹ̀wù tuntun tí wọ́n kọ "SÁRÉ, MÁ BOJÚ WẸ̀YÌN" sí láyà. Mo-ti-mọ̀ lọ ra ẹ̀wù òwú dúdú, nítorí pé dúdú máa ń gbéni níyì.

"Ẹ tẹ ẹyọ kan wò ná," ni Ìyá Ìbejì sọ.

Ọkọ rẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó ṣí ìwé kúrò lára wọn, kò sí nǹkan kan lára wọn. Ó gbé ọ̀kan lọ sójú oòrùn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó rí nǹkan tó jọ èéfín.

"Ó wà níbẹ̀," ló sọ.

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, "bí Ọlọ́run ṣe wà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ la ó máa fi rí i."

Mo-ti-mọ̀ pe onítáì lórí fóònù. Ohùn onítáì ò dùn tó ti ọjọ́ ọjà mọ́. "Funfun ni, sà, pọlísítà. Íǹkì yẹn kì í mú òwú, kì í sì í hàn lára dúdú. Mo ṣebí ẹ ti mọ̀."

Bó ṣe di pé ó tún ra ẹ̀wù nìyẹn, funfun, pọlísítà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ yẹ ìwé tó jáde lára pírìńtà wò: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú, bíi pé inú dígí ni wọ́n ti kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ rèé, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn: tí wọ́n bá da ojú ìwé dé orí aṣọ, ọ̀rọ̀ á yí padà, á tọ́. Ẹ̀rọ mọ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni kò mọ̀.

"Ẹ wo ẹ̀rọ oníranù!" Ó tú kọ̀ǹpútà wò títí ó fi rí ibi tí wọ́n ti fi àmì sí i pé kí ọ̀rọ̀ máa yí padà, ó sì pa àmì náà rẹ́. Ìwé kejì jáde, ó tọ́ gbọnrangandan. "Ìyá Ìbejì, wá wò ó! Ẹ̀rọ gan-an ń fẹ́ ẹni tó máa tọ́ ọ sọ́nà."

Ìyá Ìbejì ti ń jáde lọ, ó fẹ́ gbé aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì fún wọn. "Tí ẹ bá ti lọ àkọ́kọ́ tán, ẹ kà á o."

"Èmi tí mo kọ ọ́? Kí ni mo fẹ́ kà?"

Ọrùn ẹ̀wù ló kọjú sí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí náà orí kodò ni lẹ́tà wà lójú rẹ̀, kò sì fura. Àwọ̀ ló ń wò. Lórí ìwé, àwọ̀ náà ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún púpọ̀. Lára ẹ̀wù, ó tàn yòò, pupa ń jó bí iná, àwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ rekete. Ọkùnrin tó ti ń dá àwọn èèyàn padà lẹ́nu fèrèsé láti ìgbà èwe rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan tó rẹwà. Ó ń súfèé. Ó ká wọn dáadáa, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó sì lọ sùn bí ẹni tó jẹ oyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, àwọn eléré wọ ẹ̀wù wọn lẹ́nu géètì pápá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo àyà ara wọn. Dókítà eyín tẹ orí sápá kan, ó wo àyà ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

"Èdè wo nìyí?"

"Èdè wa ni, dókítà."

"Ṣé ká máa gbé dígí sáré ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan tó sanra rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo-ti-mọ̀ wo ẹ̀wù kan, ó wo òmíràn. Ó fi ahọ́n wá ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ níbi tó máa ń wà, ọ̀rọ̀ náà ò sí níbẹ̀. Ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Nọ́ọ̀sì náà, bó ṣe jókòó sílẹ̀, gbé fóònù sókè láti ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. Ló bá pariwo: "Ẹ wá wò ó! Ó tọ́ nínú fóònù!" Ojú fóònù tó kọ sí i ń ṣiṣẹ́ bíi dígí, ọ̀rọ̀ àyà rẹ̀ sì hàn kedere: SÁRÉ, MÁ BOJÚ WẸ̀YÌN. Kíá, gbogbo wọn ti gbé fóònù sókè.

Ahọ́n Mo-ti-mọ̀ bá padà sílé. "Ṣebí ohun tí mo ṣe é fún nìyẹn! Ta ló ń ka ẹ̀wù lójúkojú mọ́ láyé òde òní? Ara wọn ni gbogbo èèyàn ń yà!"

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn kan gbà á gbọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Dókítà eyín nìkan ló tẹjú mọ́ ọn.

"Mo ti yọ eyín tó jẹrà jù báyìí lọ," ló sọ, "tí ẹni tó ni ín ń bá mi jiyàn pé bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Wọ́n sáré bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà rò pé àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n, wọ́n ń rọra juwọ́ sí wọn.

Ìṣẹ́gun ni Mo-ti-mọ̀ lọ ròyìn nílé. Kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí aránṣọ rẹ̀. Ìyá Ìbejì jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó sì mú un jókòó nídìí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kì í ṣe àṣìṣe yẹn ló ń dùn mí, Bàbá Ìbejì. Èmi náà ti rán apá ọ̀tún sí òsì rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ kì í jẹ́ kéèyàn bá yín ṣe é. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa ń ṣàṣìṣe, ẹ̀yin nìkan lẹ sì máa ń fi irọ́ tún un ṣe."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Mo gbọ́."

Ẹ má rò pé ó yí padà. Kò tíì tó àkókò oúnjẹ alẹ́ tó fi ń ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì.

Iṣẹ́ tó lè tó ẹ̀rọ ńlá náà ṣe ò wá mọ́. Bó bá ti jókòó lásán fún ọjọ́ díẹ̀, íǹkì á gbẹ, tí wọ́n bá sì tàn án, á mu odidi ìgò íǹkì láti fi fọ ọ̀fun kó tó tẹ nǹkan kan. Nígbà tó yá, pupa kọ̀ jáde pátápátá, ojú gbogbo ẹni tó bá tẹ àwòrán rẹ̀ sì ń dà bí ewé. Wọ́n pa á. Ìyá Ìbejì tẹ́ aṣọ lé e lẹ́yìn, ó rí i pé ó dùn ún gé aṣọ lórí, kò tún lọ sí yàrá tóóró yẹn mọ́ bí kò ṣe láti lọ rán.

Òun náà ló fi owó ìránṣọ rẹ̀ ra pírìńtà kékeré àti ẹ̀rọ gbígbóná ti ife wọlé. Ọkọ rẹ̀ ló ń lò ó, lórí àdéhùn kan: á ṣe ẹyọ kan, á kà á sókè kí aya rẹ̀ gbọ́, kó tó ṣe èyí tó kù. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń kà á. Ife tó ń ṣe sì dára, ká má parọ́ mọ́ ọn. Àwọ̀ wọn ń tàn, ọ̀rọ̀ wọn ń tọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ eléré tún dé, wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn síwájú bíi ti èṣí, àwọn ẹgbẹ́ ìlú míì ti ń fi ṣe àwòkọ́ṣe. Mo-ti-mọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tó tọ́ lòun ń ṣe. Wọ́n bínú, wọ́n gbé iṣẹ́ lọ fún ẹlòmíì, dókítà eyín nìkan ló dúró, ó ní kó bá òun kọ ọ́ sára ife, kí òun lè rí i kà bí òun bá ń mu tíì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra pírìńtà ládùúgbò báyìí, ọ̀dọ̀ Mo-ti-mọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Ó máa ń mú wọn jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sọ̀rọ̀ títí ọ̀sán á fi lọ, kò sì sí ohun tó ń sọ tí kì í ṣe òótọ́, àfi pé ó ní òun ti mọ gbogbo rẹ̀ kóun tó ra ẹ̀rọ. Ìyá Ìbejì ń gé aṣọ ní pálọ̀, ó ń gbọ́ ọ, ó fi abẹ́rẹ́ há ètè kó má baà rẹ́rìn-ín.