Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́ àti Owó Igbó

Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù láràárọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ owó wíwá ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ kan tó ń ra ilẹ̀ igbó, kí ẹnikẹ́ni má baà gé igi rẹ̀ tàbí kọ́lé sí i láéláé. Láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ló ń lọ, tí yóò jókòó síwájú àwọn ọ̀gá tó ń wo aago, tí yóò sì máa bẹ̀bẹ̀ títí ọwọ́ wọn yóò fi kan àpò. Owó náà ni ẹgbẹ́ fi ń ra ilẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ.

Lọ́dún náà, igbó etí odò kan ni wọ́n ń wá owó rẹ̀. Opó arúgbó kan ló ni ín. Àwọn akọ́lé ti fi owó gọbọi lọ̀ ọ́, kò dá wọn lóhùn. Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́ nìkan ni opó náà fetí sí. Wọ́n jọ máa ń jókòó lórí àpáta tó wà láàárín odò náà jẹun ọ̀sán, wọ́n sì ti di ìyá àti ọmọ. Màmá gbà láti ta igbó náà fún ẹgbẹ́ ní ẹ̀dínwó.

Nígbà tí alága ẹgbẹ́, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ san gbogbo owó náà, kí Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́ lọ gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà tutù bí inú fìríìjì. Wọ́n ní kó dúró díẹ̀ kí ayàwòrán tún iná kámẹ́rà rẹ̀ ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n fi páálí ṣe wà lórí tábìlì, gíláàsì bò wọ́n. Ọkọ̀ wà níbẹ̀ tí kò ju ìdun lọ, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà pẹ̀lú. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọdé. Ìgbà náà ló rí odò. Odò náà ṣẹ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá pín yí àpáta kan ká. Ilé ìtura alájà mẹ́fà ló dúró lórí àpáta ọ̀hún.

Ó tún un wò. Odò wo ló tún ń rìn báyẹn láyé?

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rò pé obìnrin náà ti mọ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ilà aláwọ̀ ewé tín-ín-rín kan létí gíláàsì.

"Ẹ̀yin lẹ máa bá wa tọ́jú igi tó bá ṣẹ́ kù," ó ní. "Màmá yẹn ò lè tà á fún wa láéláé. Ẹ̀yin ló fọkàn tán, ẹ̀yin lẹ máa bá wa rà á."

Kó tó mọ ohun tó máa sọ, wọ́n ti gbé páálí gbàgẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kọ iye owó náà sí lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá di etí kejì mú. Ayàwòrán ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín. Títí dòní, kò yé e bí ẹ̀rín yẹn ṣe jáde lẹ́nu òun.

Ó sáré tọ alága lọ. Ó ti dá a lójú pé ọkàn bàbá náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ tó bá gbọ́. Alága ń bomi rin òdòdó lójú fèrèsé, kò tilẹ̀ yíjú padà. Ó ní àwọn ọdẹ ò tíì gbowó látìgbà òjò, pé bí a ò bá rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Igi díẹ̀ sàn ju òfo lọ.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ ni, bàbá?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Bàbá, èmi ni màmá yẹn gbà gbọ́."

"Ìdí tá a fi rán ẹ sí i nìyẹn."

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń pe ọkùnrin yìí ní bàbá.

Láti ibẹ̀, ilé opó ló gbà lọ. Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti ro gbogbo rẹ̀. Ó ń retí èpè, ṣùgbọ́n màmá ò ṣẹ́ ẹ.

"Tíṣà?" màmá ní. "Tíṣà tó kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìwé?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màmá ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ pé òun ò ta igbó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti dá Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwòrán rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú páálí àti eyín funfun.

Nígbà tí owó ò dé, gbogbo ọdẹ ló lọ, àfi ẹyọ kan tí màmá fún ní yàrá kó lè máa ṣọ́ igbó náà. Owó oṣù ọ̀kan yẹn ni Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́ ń wá kiri báyìí, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Wọ́n ní àwọn rí i nínú ìwé ìròyìn, pé kó lọ ná èyí tó gbà tán ná. Télọ̀ kan fún un lówó láìbéèrè ohunkóhun, ẹ̀rù sì bà á láti gbà á.

Igbó náà ṣì dúró. Màmá ṣì ń mí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ etí odò.