Ẹ̀ẹ̀kan Ni Mọ́rẹ́nikẹ́ Pè Mí

Ẹ má bínú tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà mi ní Ìkàrẹ́, tí ẹ ké sí mi láti ìta, tí n kò dá yín lóhùn. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ mí. Wọ́n á wọlé, wọ́n á dúró níwájú mi, kí wọ́n tó lanu sọ̀rọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ a máa sọ pé tẹlifíṣọ̀n ló sọ mí di agbéraga. Ìgbéraga kọ́ o. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ojú mi le, ohùn mi sì wúwo, nítorí náà ìyàwó burúkú ni wọ́n máa ń ní kí n ṣe. Mo ti bu májèlé sínú ọbẹ̀ ìyálé mi, mo ti lé ọmọ aláìníyàá síta nínú òjò. Lọ́jọ́ kan nínú ọjà Ìkàrẹ́, ìyá kan tó ń ta ata gba ata tí mo ti ṣà padà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìwọ tí o lé ọmọ ọlọ́mọ síta!"

Mo ní, "Ìyá, eré mà ni."

Ó ní, "Eré? Ẹkún tí ọmọ yẹn ń sun ńkọ́, ṣé eré lòun náà?"

Bí mo ṣe padà sílé láìra ata nìyẹn. Torí náà, nígbà tí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, Ọ̀gá Akíntúndé, sọ pé èmi ni kí n máa ṣe atọ́kùn ètò àwọn ọmọdé, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní, "Sà, àwọn ọmọ á sá." Ó ní wọn ò ní sá. Wọ́n dá búbá aláwọ̀ méje fún mi, wọ́n rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ fìlà rẹ̀ yí ká, wọ́n sì sọ mí ní Àǹtí Aláràbarà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ọmọ kankan nínú sítúdíò. Yàrá kékeré tó móoru ni, èmi, kámẹ́rà, àti Ṣọlá tó ń fi í ya mí nìkan la wà níbẹ̀. Mo gbóhùn sókè bí ẹni tó wà ní pápá ìṣeré: "Ẹ̀yin ọmọ wa gbogbo nílé lóko!" Ọ̀gá Akíntúndé nawọ́, ó dá mi dúró.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn ọmọdé, sà."

"Kò sí àwọn ọmọdé kankan níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Pe orúkọ rẹ̀, kí o sì dákẹ́ kó lè dá ẹ lóhùn."

Ohun tó sọ ètò wa di ààyò ní gbogbo Àkókó nìyẹn. Àwọn òbí á fi orúkọ ọmọ wọn ránṣẹ́ sórí fóònù wa. Èmi á na ọrùn sí kámẹ́rà, màá ní, "Kọ́lá dà?" Lẹ́yìn náà màá dákẹ́, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú ọkàn mi. Àyè ìdáhùn la máa ń pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Nílé wọn, Kọ́lá á fò sókè, á ní, "Mo wà níbí!" Èmi á ní, "Àá! Mo ti rí ẹ!" Inú ọmọ á dùn dé ibi tí kò ní lè jẹun mọ́. Ọ̀gá Akíntúndé máa ń sọ pé bí mo bá yára sọ̀rọ̀, ọmọ á mọ̀ pé n kò retí òun. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. N kò ní purọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dákẹ́ tó mi.

Ìyá mi nìkan ni kò fẹ́ràn ètò náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò ó.

Ó ní, "Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa. Tí wọ́n bá pè ọ́, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Wàá kọ́kọ́ yọjú. Tó bá wá jẹ́ ọ̀sán gangan, tí oòrùn dúró sí àárín orí, wàá pa ẹnu mọ́ pátápátá.

"Ìwọ wá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa dá ohùn tí kò lára lóhùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, tẹlifíṣọ̀n ni." Òun kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la máa ń ká ètò náà sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n á tó gbé e jáde. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nígbà ọyẹ́, orúkọ méje ni mo pè. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan ní Ọ̀kà. "Mọ́rẹ́nikẹ́ dà?" Mo dákẹ́, mo ń kà. Bí mo ṣe dé orí ẹ̀ta, Ṣọlá gbé orí kúrò lẹ́yìn kámẹ́rà.

Nígbà tí a parí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?"

Mo ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan."

Ó ní, "Èmi náà ò gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ilé, a ò gbọ́ òun náà."

Òótọ́ ló sọ. Jẹnẹrétọ̀ kò kú, iná kò ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo fi dákẹ́ yẹn, ariwo rẹ̀ lọ pátápátá, ó sì tún padà. Mo ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó yéé dẹ́rù bà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan já wọ ọgbà wa. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu. Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ ni, òṣìṣẹ́ káńsù ní Ọ̀kà. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó di ẹsẹ̀ mi mú.

"Ẹ bá mi pe ọmọ mi. Tiyín nìkan ló máa gbọ́."

Ó ní lọ́sàn-án àná, ọmọ náà ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé ìyá òun, ní ìsàlẹ̀ àpáta. Kò sí iná ní àdúgbò wọn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, tẹlifíṣọ̀n kankan kò sì sọ̀rọ̀. Lójijì ọmọ náà gbé orí sókè, ó ní, "Mo wà níbí, Àǹtí Aláràbarà! Mo ń bọ̀!" Ó sì sáré gun àpáta lọ. Ìyá àgbà rò pé ó ń ṣeré ni. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá a. Wọ́n ń gbúròó rẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè é, ńṣe ló ń sún síwájú sí i.

Mo wo Ṣọlá. Ṣọlá gbójú kúrò lára mi. Àkókò tí obìnrin náà ń sọ yìí, inú sítúdíò ni mo wà tí mo ń pe ọmọ rẹ̀, ohun tí a ká sílẹ̀ náà kò sì tíì jáde nínú yàrá. N kò lè sọ ọ́ fún un. Mo wọ búbá mi, mo dé fìlà onílẹ̀kẹ̀, a sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí nígbà tí a dé. Ẹ mọ bí ilé ṣe fẹ̀yìn ti àpáta níbẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, àpáta náà gé lójijì, ó sì dà sí kòtò. Ibẹ̀ ló ń ba gbogbo èèyàn lẹ́rù. Ẹnìkan ní káńsù gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi. Mo pè é bí mo ṣe máa ń pe àwọn ọmọ lórí tẹlifíṣọ̀n, "Mọ́rẹ́nikẹ́ dà?" Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta.

"Mo wà níbí! Mo ń bọ̀ o!"

Ìyá rẹ̀ fò sókè, ó ń dúpẹ́. Mo tún pè. Ó tún dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ìdáhùn náà tín-ín-rín, apá ibi kòtò ló sì ti wá. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti já ẹ̀rọ náà gbà lọ́wọ́ mi. Obìnrin kúkúrú kan ni, gbogbo ará ilé ló ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ó ní, "Ó tó! Ṣé o fẹ́ kí ọmọ mi já bọ́ ni? Ohùn rẹ ló ń tẹ̀ lé, ohùn rẹ kò sì sí lọ́dọ̀ rẹ."

Mo ní, "Kí ni kí n ṣe, Ìyá?"

"Gòkè lọ. Jókòó síbi tí ojú ti lè tó ọ. Má pè é. Àwọn tí a kì í rí lè gbé ohùn èèyàn wọ̀, wọn kò lè gbé ara rẹ̀ wọ̀. Jẹ́ kí òun pè ọ́, kí ìwọ sì dáhùn."

Mo bọ́ bàtà, mo gun àpáta náà pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta gbígbóná. Nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó húkọ́. Oòrùn dúró sí àárín orí, òjìji mi ti wọ abẹ́ ìdí mi, n kò rí i mọ́. Mo ka ẹ̀rin. Mo tún ka ẹ̀rin mìíràn. Mo kà títí ònkà fi dà rú mọ́ mi lórí. Mo ń rò ó pé bí ọmọ yìí bá kú, ohùn mi ló pa á. Kò sí àǹtí kankan nínú aṣọ aláwọ̀ méje yẹn mọ́, obìnrin tẹ́rù ń bà ló kù.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ, lápá òsì mi, lẹ́yìn òkúta ńlá kan.

"Àǹtí Aláràbarà, ẹ̀yin nìyẹn?"

Ohùn ọmọdébìnrin ni. Mo wò, n kò rí ẹnì kankan. Mo lanu, mo sì tún pa á dé. Ọ̀sán gangan ni, n kò sì rí ẹni tó ń pè mí. Bí mo bá dákẹ́, tó sì jẹ́ ọmọ náà ni, yóò lọ. Bí mo bá dáhùn, tí kò sì jẹ́ òun... Mo wá rántí gbogbo ọmọ tí mo ti ní kí wọ́n dá mi lóhùn láti ọdún wọ̀nyí wá, tí kò sí ìkankan nínú wọn tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Mo wà níbí."

Kò sí ohun tó mira lápá òsì. Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ kọjá. Lẹ́yìn náà, mo tún gbọ́ ọ lápá ọ̀tún, ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà.

"Àǹtí Aláràbarà, ẹ̀yin nìyẹn?"

Mo ní, "Mo wà níbí." Mọ́rẹ́nikẹ́ sì rá jáde láti inú pàlàpálá àpáta lápá ọ̀tún, ọṣẹ abọ́ ti gbẹ mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wò mí títí, láti fìlà dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré wá bá mi. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún. Mo ti sun ẹkún púpọ̀ níwájú kámẹ́rà, kò sí èyí tó jọ ọ́.

Èmi ni mo pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Mo bi í lójú ọ̀nà pé kí ló dé tí kò tọ àwọn tó ń wá a lọ.

Ó ní, "Ohùn yín ni gbogbo wọn fi ń pè mí. Màámi pàápàá, ohùn yín ni wọ́n fi pè mí. Mi ò mọ ibi tí ẹ wà."

"Kí ló wá jẹ́ kí o jáde?"

"Mo rí yín. Ẹ ò sì pè mí."

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní, "Nígbà tí o kọ́kọ́ pè mí, apá òsì lo wà. Kí lo tún lọ ṣe lápá ọ̀tún?"

Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Mi ò kúrò lójú kan o. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pè yín."

N kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan nísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yọ̀, tí wọ́n ń bu omi fún ọmọ, ojú mi ò kúrò lápá òsì òkè náà.

Èmi àti Ṣọlá la pa ohun tí a ká sílẹ̀ lọ́jọ́ náà rẹ́. Mo sọ fún Ọ̀gá Akíntúndé pé n kò ní pe orúkọ ọmọ tí n kò rí mọ́. Ó ní ètò náà máa kú. Kò kú. A bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ wá jókòó sínú sítúdíò, mo sì máa ń fọwọ́ kan orí ọmọ kọ̀ọ̀kan kí n tó pe orúkọ rẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti kọ́ ọmọbìnrin tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi pé, "Fọwọ́ kàn án kí o tó pè é." Ó rò pé àrà tèmi ni. Kò burú, kó ṣáà máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá sì bi mí bóyá mo kábàámọ̀ èsì tí mo fọ̀ lórí àpáta, màá ní rárá. Bó bá tún di òní, màá tún dáhùn.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ti di tíṣà ní Ìkàrẹ́ níbí. Ó máa ń wá kí mi, kì í ké láti ìta. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi, ó wá lọ́sàn-án. Ó jókòó síwájú mi, ó ń bó ọsàn fún mi, ó ń ròyìn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó jẹ́ oníjàgídíjàgan, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ohùn ọmọdébìnrin kékeré kan dún níta, lápá òsì ilé.

"Àǹtí Aláràbarà, ẹ̀yin nìyẹn?"

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. Obìnrin tó ti tó lọ sílé ọkọ ni Mọ́rẹ́nikẹ́ báyìí. Ó wò mí.

Ó ní, "Àǹtí, ohùn mi nìyẹn. Ohùn mi nígbà tí mo kéré."

Mo gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ohùn náà tún pè. Ó ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà díẹ̀. A ò dá a lóhùn. A jókòó bẹ́ẹ̀, a di ara wa lọ́wọ́ mú, títí oòrùn fi kúrò láàárín orí.