Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Ọjọ́ Àáró Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan, tí kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ, da orí mi rú fún odidi àsìkò òjò kan. “Kind” ni ọ̀rọ̀ náà. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Adja-Ouèrè, lẹ́yìn ibodè Nàìjíríà, nígbà náà, mo sì gbà pé ohun tí n kò mọ̀ láyé kò tó nǹkan. Faransé kún ẹnu mi, Ọ̀họ̀rí, èdè ilé wa, ni wọ́n fi bí mi, mo ti gbọ́ Gùn díẹ̀ nínú ọjà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù tí màá fi di ọ̀gá pátápátá. Ẹ̀yin náà mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì ka ìwé méjì tán, ó ti ń fi imú fọhùn sí àwọn àgbà ilé.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ará wa. Ọmọ Parakou ni, ọmọ oníṣòwò aṣọ, ìjọba ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Kò gbọ́ èdè wa, àwa náà kò gbọ́ tirẹ̀, Faransé la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Mésíyè là ń pè é, gbogbo àdúgbò sì ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn ìyá arúgbó tí wọn kò mọ ọ̀rọ̀ Faransé mìíràn. Ó ní àṣà kan: ó máa ń pín ọ̀rọ̀ fún wa bí ẹni ń pín ẹran. Oníkálukú á lọ wá gbogbo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹ̀ wá, á wá dúró níwájú kíláàsì kí sáà tó parí, á rò ó. Nígbà tí ó pe orúkọ mi, tó fún mi ní “kind”, mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹni tó nínúure ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ̀? Mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí.

Kò parí. Ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan ṣoṣo tí a ní, ilé Mésíyè ló wà, ibẹ̀ la sì ti ń lọ kà á ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí a kì í lọ sí kíláàsì. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí i pé “kind” ni irú nǹkan tàbí ẹ̀yà nǹkan, bí ìgbà tí a bá ń béèrè pé irú iṣu wo nìyí. Òun náà ni onínúure. Òun náà ni wọ́n tún ń lò tí èèyàn bá fi nǹkan san nǹkan láìlo owó. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí ìdílé, àwọn tí a jọ bí, ni gbogbo rẹ̀ ti jáde wá. Mo kà á, mo tún un kà. Kí ló pa ìdílé pọ̀ mọ́ irú iṣu? Kí ló kan inúure nínú kí èèyàn fi gàrí gba adìẹ? Mo bi Mésíyè léèrè. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ rò ó.

Mo ń rò ó lọ́wọ́ ni ibà líle kan dá Mésíyè dùbúlẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwọn àgbà ti fún un ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin kì í gbé láàárín àwọn kó máa ra àgbàdo jẹ. Ó gbin àgbàdo sí i, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó yẹ kó ro ó gan-an ni ibà dé. Ọjọ́rú tí mo lọ wò ó, koríko ti ń bá àgbàdo dọ́gba. Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi bí ìròyìn lásán.

Ó yẹ kí n sọ bí ilé tiwa náà ti rí. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ń ṣe epo pupa, ó sì ní oko àgbàdo kan lójú ọ̀nà Massè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí àgbàdo ọdún náà kò bá ṣe dáadáa, òun á mú mi lọ sí oko kòkó lápá Nàìjíríà, kí n lọ máa ṣiṣẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Ìwé tán nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn yòókù bá ń wo oko yẹn, àgbàdo ni wọ́n ń rí, èmi ń rí kọ́lẹ́ẹ̀jì mi.

Oko náà ju agbára èmi àti ìyá mi lọ. Àáró ló ń gbà wá. Láti ayé bàbá mi ni àwọn àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa ti jọ ń ṣe é: gbogbo wọn á lọ ro oko ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí á fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá bá ro oko rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù ro tiwọn. Èmi ni mò ń dí ipò bàbá mi ní gbogbo Sátidé. Ọ̀sẹ̀ tí mo ń wí yìí, oko tiwa ló kàn. Ìyá mi dìde, ó lọ bá olórí àáró, ó ní kí wọ́n gbé ọjọ́ òun fún Mésíyè.

Mo rò pé kò yé mi dáadáa. Mo ní, “Ìyá, oko tiwa wá ńkọ́?”

Ó ní, “Á dúró dè wá.”

Koríko kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìyá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Mésíyè gbọ́ pé ọjọ́ òun ni wọ́n lò. Inú bí mi, ojú mi sì rú. A lọ ro oko Mésíyè lọ́jọ́ Sátidé, ó mọ́ nini, Mésíyè sì ń wò wá láti ojú fèrèsé, ó da aṣọ bora. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó dì mọ́ mi, ó ní àwọn èèyàn mi “kind” gan-an ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yára lọ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí mo ti rí àpẹẹrẹ kan fún iṣẹ́ mi.

Kò pẹ́ tí olórí àáró fi rán mi sí Mésíyè pé oko bàbá adẹ́mu kan tí a jọ ń ṣe àáró ló kàn ní Sátidé, ní ìhà Massè. Ẹnu mi kò gbé e láti sọ fún olùkọ́ mi pé kó gbé ọkọ́ wá. Mo kàn ní wọ́n ń retí rẹ̀. Àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran: Mésíyè gun sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, dé, ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó gbé páálí búrẹ́dì àti sàdíìnì lọ́wọ́. Ó rò pé àsè ìdúpẹ́ ni wọ́n pe òun sí. Àwọn àgbà kí i, wọ́n jẹ búrẹ́dì náà tán, wọ́n ní ó dùn. Olórí àáró wá na ọkọ́ sí i.

Mésíyè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tí ó rí i pé kò sẹ́ni tó bá òun rín in, ó yíjú sí mi. Ó ní, “Ṣebí oore ni wọ́n ṣe mí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mésíyè.”

“Kí ló dé tí wọ́n wá ń gbà á padà?”

Mo tú u fún olórí àáró. Ìbéèrè náà ya ọkùnrin yìí lẹ́nu. Ó ní, “Ta ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀? Bó bá fi búrẹ́dì san án, a ti bára wa parí nìyẹn. Bi í o, ṣé ó fẹ́ ká parí ni?”

Faransé tó kún ẹnu mi gbẹ. Mo wá ọ̀rọ̀ títí, èyí tí mo sì rí sọ kò jọ ohun tí bàbá náà sọ. Mo ní wọ́n ní tí ẹ bá fi oúnjẹ san án, ẹ kì í ṣe ara wọn mọ́. Mésíyè bọ́ aṣọ funfun náà, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi, ó gba ọkọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò mọ oko ro rárá. Ó ń gbé ọkọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ pa ejò. Kò mọ àgbàdo yàtọ̀ sí eèsún, nítorí náà wọ́n fi í sáàárín àgbà méjì tó ń nàka sí ohun tó máa gé fún un. Gbogbo oko ń rẹ́rìn-ín. Bàbá adẹ́mu ní, “Ìyá ọmọ yìí mà ṣe é o! Ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà báyìí ló gbé ọjọ́ tirẹ̀ fún, tí koríko sì ń jẹ oko rẹ̀ lọ!” Gbogbo wọn wò mí. Mésíyè rí i, ó bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo rántí ìkìlọ̀ ìyá mi, mo dákẹ́. Olórí àáró ní kí n sọ ọ́ bó ṣe wà, mo sì sọ ọ́. Mésíyè tẹ̀ba, ó ń ro oko lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí èmi àti ìyá mi dé oko wa lẹ́yìn ìsìn, Mésíyè la bá níbẹ̀. Òun nìkan ni. Ó ti ro ìhà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, òógùn bò ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Kò sí àgbà kankan tó máa nàka fún un lọ́jọ́ náà. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ àgbàdo wa sùn sílẹ̀ láàárín koríko, ó pọ̀ ju ohun tí ojú lè wò lọ. Mo fẹ́ sunkún. Gbogbo ohun tí mo rí ní ìhà yẹn ni ọ̀nà Nàìjíríà.

Ìyá mi rí ohun tí mo rí. Ó kúnlẹ̀ sáàárín poro, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mésíyè. Ẹ kú làálàá.” Ó wá yíjú sí mi: “Sọ fún un pé oko náà ti mọ́.” Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, inú rẹ̀ sì dùn débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi gbin ẹ̀wà sí gbogbo ibi tó ṣófo.

Ọjọ́ tí ó kàn mí láti sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, mo ka gbogbo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mi bó ṣe wà nínú ìwé. Mo sọ ti irú, mo sọ ti inúure, mo sọ ti ohun tí a fi ń san ohun, mo sì parí rẹ̀ sórí ìdílé. Mésíyè ní, “Èwo nínú wọn ni àwọn èèyàn yín ṣe fún mi?” Mo ronú kan olórí àáró, mo tún ronú kan ìyá mi. Bí mo bá mú ọ̀kan, èkejì á máa pè mí. Mo ní n kò mọ̀. Ó fún mi ní máàkì tí kò wù mí, ó ní òun náà kò mọ̀.

Àgbàdo wa kò tó ìdajì ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ṣe dáadáa ju bí a ti rò lọ, ó sì tà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá wo àká wa, ó họrí, ó sì gba Nàìjíríà lọ láìmú mi dání. Ká tó jẹ nínú àgbàdo tó kù yẹn, ìyá mi ṣa èyí tó dára jù nínú rẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún Mésíyè. Mo ní, “Ẹni tó gé e lulẹ̀?” Ó ní, “Ṣebí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.” Mo gbé e lọ, mò ń kùn lọ́nà. Mésíyè gba àgbàdo náà, ó sì gbé e mọ́ àyà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba gbé e lọ sí ibòmíràn.

Èmi náà ti di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ọdọọdún ni ọmọ kan máa ń bi mí ní ohun tí “kind” túmọ̀ sí, èmi náà á sì to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú orírun rẹ̀, ojú mi á wá tún rú bíi ti ìjọ́sí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ kí ìyá mi, mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹyìn. Mo jókòó tì í. Mo ní kí ó sọ fún mi lónìí, ọjọ́ tó gbé fún Mésíyè yẹn, ṣé àáró ni àbí ẹ̀bùn?

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní, “Parakou jìnnà. Ká ní ìwọ lo lọ síbẹ̀, tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀, ta ni n bá rán sí ọ?”

Mo sún mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa ẹyìn.