Ìdí Tí Mo Fi San Gbèsè Ìbefun Gbẹ̀yìn

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti jẹ gbèsè lọ́dún tí màmá mi fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ láti ra ẹ̀rọ fótókọ́pì sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá mi ló dúró fún mi. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́, mo yá owó àtúnṣe lọ́wọ́ àwọn ayánilówó elélèé orí fóònù. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní Ìbefun, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Ìbefun, ló yá mi lówó tí mo fi gba ṣọ́ọ̀bù. Tirẹ̀ ló kéré jù, kò sì gba èlé.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ọmọ ẹgbẹ́ náà bá fẹ̀yìn tì, tí gbèsè ẹni tó dúró fún ṣì wà nílẹ̀, inú owó tí òun fúnra rẹ̀ ti fi pamọ́ ni wọn yóò ti yọ ọ́. Owó yẹn ni màmá mi fẹ́ fi kan òrùlé ilé rẹ̀ ní Òdogbolú. Ògiri ilé náà ti dúró láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì.

Màmá mi ní kí n kọ́kọ́ san ti Mọ́mì Ìbefun, pé gbèsè máa ń ba ẹbí jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan pẹ̀lú gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìdí tirẹ̀ yàtọ̀: ó ní tí èèyàn bá san èyí tó kéré jù tán, ara á yá a láti san ìyókù. N kò lè pè é ní irọ́, torí ọ̀nà yẹn ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣírò ó, èlé orí fóònù ń gbé owó mi lọ lóṣooṣù. Bí n kò bá kọ́kọ́ dí ojú ihò yẹn, owó ẹgbẹ́ kò ní pé kí màmá mi tó fẹ̀yìn tì. Ti orí fóònù ló yẹ kó ṣáájú, kí ti ẹgbẹ́ tẹ̀lé e, kí ti Ìbefun kẹ́yìn.

Màmá mi gbọ́ àlàyé mi tán. "Ó dáa," ó ní, "ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni wàá lọ sọ fún un. Olówó tí kò rí owó, kó rí ojú."

Mọ́mì Ìbefun ń rin ewùrà lọ́wọ́ nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Àwọn tó ń gba èlé lọ́wọ́ rẹ lo fẹ́ kọ́kọ́ san tiwọn," ó ní. "Èmi tí n kò gba nǹkan kan ni mo wá di èrò ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Tí mo bá kọ́kọ́ san tiyín, òrùlé àbúrò yín ni n óò fi san án."

Ó gbé ewùrà sílẹ̀. Ó ní kí n máa wá lóṣooṣù, kí n máa wá sọ ibi tí mo bá a dé. "Má mú owó wá. Ẹnu ni kó o mú wá."

Mo rò pé ńṣe ni n óò kàn máa fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n lóṣù tí iṣẹ́ ìwé ètò ìgbéyàwó mú owó gidi wọlé, fóònù tuntun ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo wá ro bí n óò ṣe jókòó níwájú Mọ́mì Ìbefun, kí n sì sọ pé fóònù ni mo rà. Mo fi owó náà san gbèsè orí fóònù tán. N kò lè fi gbogbo ara sọ pé òun ló fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò ra fóònù.

Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni gbogbo owó ń lọ, èmi náà sì ń lọ sí Ìbefun lóṣooṣù. Mo san án tán kí màmá mi tó ṣe ọjọ́ tó gbẹ̀yìn níléèwé. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ fún un pé wọn kò ní yọ kọ́bọ̀, ó ní kó tún un sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ sórí pánù tuntun ní Òdogbolú, Mọ́mì Ìbefun wà pẹ̀lú wa. Ariwo òjò pọ̀ débi pé ńṣe la ń pariwo bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé owó rẹ̀ fún un, ó pé. Ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀ láì kà á.

"Ọmọ yìí mọ ìṣirò," ó sọ fún àbúrò rẹ̀.

Màmá mi ń wo òkè, ó ń wá ibi tó ń jò. Kò rí ọ̀kan. "Ó tún mọ ọ̀nà Ìbefun," ó ní.