Wàràkàṣì Inú Kọfí Oiva Keränen

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ ọkàn rẹ̀ wò, Oiva Keränen kò mu kọfí. Ó jẹ ẹ́ ni. Àṣìṣe kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ nílùú Kajaani, lórílẹ̀-èdè Finland, máa ń sọ pé ó parọ́ fún nọ́ọ̀sì. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká tún un ṣe. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ.

Awakọ̀ agbégẹdú tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó sanra débi pé bó bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ àjẹ̀ wọn, iwájú á gbéra sókè, Lahja ìyàwó rẹ̀ á sì máa wo omi láti òkè bí ẹyẹ. Àwọn méjèèjì ló máa ń jọ lọ dẹ àwọ̀n tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ da Lahja sómi, ó ní òun ò bá a wọkọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, Lahja nìkan ló ń lọ, Oiva á dúró létí omi bí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi gbà kí wọ́n gé lára àpòlúkù òun kóun lè fọn. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ abẹ ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, àfi bí dókítà ọkàn bá fọwọ́ sí i.

Wọ́n kìlọ̀ fún un pé láti ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, kò gbọdọ̀ mu kọfí, nítorí kì í jẹ́ kí oògùn tí wọ́n máa fún un ṣiṣẹ́. Oiva gbìyànjú. Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ó gé wàràkàṣì sínú ife, ó da kọfí gbígbóná lé e bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó fi ṣíbí jẹ wàràkàṣì, ó sì da kọfí tó kù nù.

Sanelma, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lẹ okùn ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà, bi í pé, “Bàbá, ẹ ò mu kọfí?”

“Ẹ̀kán kan ò kan ètè mi.”

Sanelma fínmú. “Kí ló wá ń rùn lẹ́nu yín yìí?”

“Wàràkàṣì ni.”

“Wàràkàṣì wo ló ń rùn bíi kọfí?”

“Èyí tó wà nínú ẹ̀ ni. Omi ẹ̀, mo dà á nù. Ẹ bi ìyàwó mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.”

“Bàbá, ọmọ ibí lèmi náà. Wàràkàṣì yẹn ló mu kọfí, ẹ̀yin wá jẹ wàràkàṣì. Ẹ máa lọ sílé.”

Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún un. Bí èyí náà bá bàjẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún láyè iṣẹ́ abẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò kejì, Lahja ti ìkòkò kọfí mọ́ inú ilé ìwẹ̀ olóoru. Oiva bá sá lọ sọ́dọ̀ Hilkka, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Hilkka gbé kọfí wá. Oiva kọ̀. Hilkka ò kà á sí, torí gbogbo èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ kọ̀ kí wọ́n má bàa pè wọ́n ní ọ̀kánjúwà. Bó ṣe fẹ́ bu sí i, Oiva da ojú ife délẹ̀.

“Kí ni mo ṣe fún ẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ọkàn mi ni.”

“Ọkàn ẹ! Ṣó ti burú tó báyẹn ni?” Ó ti gbé fóònù. “Lahja, ṣé ẹ ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀?”

“Pásítọ̀ kẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ọkọ ẹ ò mu kọfí mọ́!”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un lóògùn, ọkàn rẹ̀ sáré, òógùn bò ó, ó di bẹ́ẹ̀dì mú bí ẹni tó ń wa gẹdú gba orí yìnyín. Dókítà wo àwòrán ọkàn rẹ̀ tí ẹ̀rọ yà títí.

“Ọkàn yín dáa. Wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ.”

Ife kọfí tí Sanelma gbé dání ni Oiva ń wò.

“Kò sí wàràkàṣì nínú ẹ̀ o, bàbá,” ni Sanelma wí.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì fọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Kajaani rí i kẹ́yìn, ní ìparí oṣù kẹjọ, ó wà lórí adágún Oulujärvi, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ àjẹ̀. Lahja wà níwájú, iwájú ọkọ̀ sì wà lójú omi.