Ìwé Tó Lé Ìbejì Kúrò Nínú Fótò

Mo kórìíra àwọn ìwé náà kí n tó ṣí wọn. Ìwé ẹ̀kọ́ fótò yíyà mẹ́ta ni wọ́n, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ wọ́n, wọ́n sì ti gbó. Ẹ̀gbọ́n mi ló rà wọ́n fún mi ní Savalou nígbà tí mo ní mo fẹ́ ṣí ilé fótò ní Bantè. Olùkọ́ ni. Kò ya fótò gidi kan rí láyé rẹ̀, àmọ́ òun ló ra kámẹ́rà fún mi, nítorí náà òun lọ̀gá. Bó bá di Sátidé, màá gun alùpùpù lọ bá a, á ní kí n ka òfin inú ìwé sí òun létí bí ọmọ tó ń kọ́ katikísì.

Òfin ọ̀hún ò le. Fi ọkàn fa ìlà méjì ní ìbú fótò, méjì ní òòró rẹ̀, kí o fi èèyàn síbi tí ìlà bá ti pàdé. Má fi í sí àárín. Fi àyè sílẹ̀ níwájú ojú rẹ̀. Ohun tí kò bá níṣẹ́ níbẹ̀, yọ ọ́ kúrò. Èyí tí mo bá gbàgbé, ẹ̀gbọ́n mi á fi bírò pupa fàlà sí i lórí fótò oníbàárà mi. Bẹ́ẹ̀ rèé, ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi ní Bantè, àárín gbùngbùn ló fẹ́ jókòó sí, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn. Mo dán òfin ìwé wò lára ọmọbìnrin kan láti Agoua. Bàbá rẹ̀ bi mí pé ta ni mo ń fi àyè yẹn dè. Kò gba fótò náà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́lé tán ní Savalou, ó fẹ́ fótò ńlá ìyá wa sí pálọ̀. Ìyá wa, tí wọ́n ń gbé ní Akpassi, ní àwọn ò ní ya fótò láìsí ẹnìkejì àwọn. Ìbejì ni wọ́n. Ẹnìkejì ti lọ láti kékeré. A kì í sọ pé ìbejì kú, a ní ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó ni. Àwọn onífótò àtijọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: èyí tó kù á jókòó sí apá ọ̀tún bẹ́ńṣì, wọ́n á yà á, á sún sí apá òsì, wọ́n á tún yà á, wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Fótò yìí ni ìyá mi ti ń retí látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ yà wọ́n ní Akpassi, wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n bu epo sí i, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ẹnìkejì wọn, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jókòó. Wọ́n jókòó sọ́tùn-ún, mo yà wọ́n. Wọ́n sún sósì, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n, mo tún yà wọ́n. Inú mi dùn gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi gba kámẹ́rà, ó ní òun máa lọ tẹ fótò náà ní Savalou.

Lọ́jọ́ ìṣílé, ìyá wa nìkan ló wà nínú fótò tó wà lára ògiri, ní apá ọ̀tún, bẹ́ńṣì sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti pa fótò kejì rẹ́ pátápátá. Ó ní kí n wo bí ojú ṣe ríbi sinmi, pé ohun tí ìwé ń sọ nìyẹn, àti pé ìgbàgbọ́ ará oko lèyí tó kù. Mo sọ ọ́ sí i lójú níwájú àlejò pé òmùgọ̀ tó mọ̀wé ni. Mi ò sì tíì bẹ̀ ẹ́ dòní.

Mo sọ fún ìyá wa pé ká tún un yà, pé bẹ́ńṣì ṣì wà nílé. Wọ́n fọwọ́ kan ibi tó ṣófo nínú fótò yẹn.

“Mo pè é, ó wá, ó jókòó. Ẹ lé e dìde. Ojú wo ni kí n fi tún pè é?”

Wọn ò jẹun níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ìyá tó ń ta ẹ̀pà nítòsí mi ló ń fi àwọn ìwé náà dì í báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fi fótò yẹn han àlejò. Ní Akpassi, apá kan bẹ́ńṣì ni ìyá wa ń jókòó sí, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí apá kejì. Bí mo bá lọ kí wọn, orí ìdúró ni mo máa ń wà.